Odó tí Mo Gbé Sọdá Ọ̀sà

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò ní tán lọ́kàn mi, kódà bí mo bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyàwó mi ti ka gbólóhùn yìí, inú rẹ̀ ò sì dùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mò ń kọ. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti mú ọmọ mi lọ wo ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, mo sì padà dé Ìkìrun lọ́jọ́ kan náà láìfi ojú mi méjèèjì rí ọkọ̀ ojú omi ńlá kankan. Odó ni mo rí. Odó ni mo rí láàárọ̀, odó ni mo rí lọ́sàn-án, odó ni mo dì mọ́ àyà lórí omi ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fún mi ní òkèlè iyán kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà.

Télọ̀ ni mí. Mo parí ilé-ìwé girama kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé ààbọ̀ ínǹṣì tó láti ba ṣòkòtò jẹ́. Nítorí náà, n kì í fojú bu nǹkan. Bí mo bá ní kí oníbàárà wá ní aago mẹ́rin, tí aago mẹ́rin bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, mo ti bọ́ síta, mò ń wo ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò ní àṣejù ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá ẹni tí aṣọ mi fún lọ́rùn jáde ní gbogbo Ìkìrun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti ìyàwó mi, Tinúkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí mò ń wí yìí. Ẹ̀yìn gbogbo ìwé rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń yà sí i: èyí tó ń rú èéfín, èyí tó ní àsíá, èyí tó kó àpótí ńláńlá lérí ara wọn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. N kò mọ ibi tó ti kó o, torí pé omi tó tóbi jù tí ọmọ náà tíì fojú rí ni odò Ọ̀tìn, tí èèyàn lè ká ṣòkòtò là kọjá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Mo wá ṣèlérí fún un pé bó bá yege ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama, màá mú un lọ sí Èkó kó lọ fojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀.

Ó yege. Mo sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní òjò ń ṣú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ọ̀nà ò dára. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní ara mi ò yá, bẹ́ẹ̀ sì ni mo jẹ àwo ìrẹsì méjì lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo, ìlú tí èrò ibẹ̀ pọ̀ bí eéṣú, àti omi tí wọ́n ní ojú ò lè tó òpin rẹ̀: ẹ sọ fún mi, bàbá wo lọkàn rẹ̀ á balẹ̀? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ara mi ò yá yẹn, Tinúkẹ́ wá jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú mọ́," ó ní. "Mo ti wò ó nínú fóònù Màámi."

Ká ní ó bínú ni, ǹ bá mọ èsì tí màá fọ̀. Ńṣe ló sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí mo bá tún sún ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ yìí ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́. Bí fóònù bá ti gba iṣẹ́ bàbá lọ́wọ́ bàbá, kí ló wá kù fún un?

Ni mo bá ṣí ìwé tí mo fi ń kọ òṣùwọ̀n àwọn oníbàárà, mo fi bírò pupa fa ilà sí i, mo sì ṣètò ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aago márùn-ún, a ó kúrò ní Ìkìrun. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, a ó dé Màrínà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó wo omi, ibi tí a ó dúró sí ò sì ní dín ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí etí rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, a ó wo àwọn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ní òdìkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ilé ìtọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó wo afárá àti àwọn ilé gíga láti inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀. Aago kan ààbọ̀, a ó kọrí sílé kí ilẹ̀ má bàa ṣú jù wá lójú ọ̀nà.

Ìyàwó mi kà á tán, ó ní, "Bàbá Tinúkẹ́, ibo ni ẹ kọ ọ́ sí pé kí ọmọ yìí gbádùn ara rẹ̀?"

Mo ní ó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti omi.

Ọkọ̀ kò ṣòro. Múfú, oníbàárà mi kan, máa ń lọ sí Èkó ní Sátidé pẹ̀lú Siẹ́nà rẹ̀ láti lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó sì máa ń dé lọ́jọ́ kan náà. Mo rán bùbá àti ṣòkòtò méjì fún un, ó sì ní òun á gbé wa lọ gbé wa bọ̀. Mo tún rán nǹkan méjì mìíràn. Àkọ́kọ́, mo fi òwú dúdú kọ orúkọ Tinúkẹ́ àti nọ́ńbà fóònù mi sínú kọ́là aṣọ rẹ̀, sínú ìṣẹ́tí rẹ̀, àti sínú àpò rẹ̀. Ìkejì, mo fi aṣọ jíìnsì onílọ́ọ́po méjì rán ìgbànú tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìndínlógójì. Orí rẹ̀ méjèèjì ló ní bọ́tìnnì mẹ́ta-mẹ́ta: orí kan fún ọrùn ọwọ́ mi, orí kejì fún ọrùn ọwọ́ ọmọ mi.

"Bíi ti ewúrẹ́?" Tinúkẹ́ béèrè.

Mo ní rárá, ewúrẹ́ kì í wọ jíìnsì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òun gan-an ló sì bà mí jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í ṣàdédé mú ọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn láìsọ fún àwọn àgbà kí wọ́n ṣàdúrà sí i. Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ fún ìyá òun ní Inísà, kí n sì dúró níbẹ̀. "Ẹ má dé Òkúkù," ó ní. "Ẹ má sọ fún Bàbá."

Bàbá tó ń wí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, tó ń gbé Òkúkù. Òun ló rán mi nílé-ìwé lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Mo bi ìyàwó mi pé báwo ni màá ṣe mú ọmọ gun ọ̀nà Èkó láìgba àdúrà irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àdúrà Bàbá dára, ṣùgbọ́n ẹrù máa ń tẹ̀lé e." Mo ní obìnrin ló máa ń ronú báyìí. Mo ti tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí náà kí ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń kà á má bínú.

Ní Inísà, ìyá ìyàwó mi ṣàdúrà, wọ́n sì fún mi ní èlùbọ́ nínú ọ̀rá kan fún ọmọkùnrin wọn tó wà l'Ékòó. Ìyẹn ò bà mí nínú jẹ́, itan mi gbà á. Mo gun ọ̀kadà dé Òkúkù, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ tẹnu mi.

"Èkó," Bàbá ní. "Ìwọ àti ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. A ò ní sùn síbẹ̀. Àárọ̀ la ó lọ, a ó sì dé lọ́jọ́ kan náà."

"Ó dáa. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí ẹ ṣe fẹsẹ̀ ire lọ, ẹsẹ̀ ire náà lẹ ó fi bọ̀."

"Àmín, Bàbá."

"Ẹrù kékeré kan wà tí wàá bá mi mú fún Bísí."

Bísí ni ọmọbìnrin wọn tó kù láyé, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí mi, Àǹtí Bísí ni mo máa ń pè é. Àpápá ló ń gbé. Inú mi tilẹ̀ dùn, nítorí ohun tí ojú mi rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ni ìkòkò oògùn gbígbẹ kékeré kan, mo sì rò pé òun ni. Bàbá fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Odó ló wà níbẹ̀. Odó igi ìrókò, tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tán, tí òórùn igi ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá, odó nìyí."

"Mo mọ̀ pé odó ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ."

"Ṣé wọn kì í ta odó l'Ékòó ni, Bàbá?"

"Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ń tà. Fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ, má gbé e fún ẹlòmíràn. Kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí o sì padà wá jíṣẹ́ fún mi. Ọmọ odó ò sí nínú rẹ̀, ó ní ọmọ odó nílé."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó rán èèyàn nílé-ìwé ọdún mẹ́fà ní kí èèyàn gbé odó ọjọ́ kan. Mo gbé e. Mo fi ọ̀kadà gbé odó àti èlùbọ́ láti Òkúkù dé Ìkìrun, odó wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo dì í mọ́ra bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí a ń kọjá ní Inísà, ìyá ìyàwó mi wà níwájú ilé. Wọ́n wò mí títí. "Àna mi," wọ́n ní, "ṣé iyán lẹ fẹ́ lọ máa gún tà l'Ékòó ni?" Títí di òní, ìyàwó mi kì í sọ ìtàn náà láìfi gbólóhùn yẹn kún un.

Mo wọn odó náà kí n tó sùn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Gíga, ínǹṣì mẹ́rìnlélógún. Àyíká àyà, ínǹṣì mọ́kànléláàádọ́ta. Ọwọ́, kò ní. Etí, ó ní kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sí i lára fún gbígbé. Nínú gbogbo oníbàárà mi, ẹnìkan ṣoṣo ló fẹ̀ láyà jù ú lọ, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Ní Sátidé, Múfú dé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn aago márùn-ún, ó ní òun gbọ́ aago ṣùgbọ́n òun rò pé ti ilé kejì ni. Ó la ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí odó, ó pa á dé.

"Ọ̀gá Télọ̀, àdéhùn wa ni èèyàn méjì."

"Èèyàn méjì ni wá. Ẹrù ni ìyẹn."

"Ẹrù kẹ̀? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fẹ́ kó ẹ́ńjìnnì sí bá a bá ń bọ̀. Bí ó bá máa lọ, á jókòó bí èèyàn."

Báyìí ni odó ṣe jókòó láàárín èmi àti ọmọ mi lórí àga ẹ̀yìn. Ní gbogbo ìgbà tí Múfú bá tẹ bíréèkì, odó a rọra fi orí lé mi léjìká. Tinúkẹ́ ló fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń wo aago.

A dé Ọjọ́ta, mo pe àna mi tó ni èlùbọ́. Ó dúró de wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó na ọwọ́ jáde, mo gbé ọ̀rá fún un, ó ní "Ẹ ṣé o," ó lọ. Ìṣẹ́jú méjì péré. Mo wo odó, mo ní ẹ wo bí ẹrù tó ní làákàyè ṣe ń ṣe.

Mo ti rò pé a ó fi ọkọ̀ gbé odó dé ilé Àǹtí Bísí, kí a tó padà sí Màrínà láti wo omi. Múfú gbọ́ Àpápá, ó mi orí.

"Ọ̀gá Télọ̀, Àpápá yẹn, ọ̀nà àwọn tírélà ni. Bí mo bá wọ ibẹ̀ báyìí, ọ̀la ni màá jáde. Màrínà ni màá já yín sí. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ti dé òdìkejì."

Tinúkẹ́ yíjú sí mi wéré. Ojú ọmọ náà ń dán. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé: ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí etí omi. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí omi.

Nígbà tí Múfú já wa sílẹ̀ ní Màrínà, mo pe Àǹtí Bísí pé kó wá gba odó. Ó ní òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ wọ ọkọ̀, Bàbá Tinúkẹ́. Àwa tí a ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ṣé omi ti jẹ wá tán ni?" Mo lọ bẹ ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté pé kó bá mi tọ́jú odó títí ẹnìkan á fi wá gbà á. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ti tọ́jú báàgì, òun ti tọ́jú kẹ̀kẹ́, òun ò tọ́jú odó rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí òun. Mo rántí ohùn Bàbá: fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ. Mo wo Tinúkẹ́. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbá odó mú, ó ń wo omi bí ẹni tó ti mọ̀ pé a ò ní lọ. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ fóònù ló fi ń wo omi yẹn.

"Ó yá," mo ní. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, n kò mọ ẹni tó ni ín.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Èmi kì í wọ aṣọ tí n kò wo rírán rẹ̀. Ti Tinúkẹ́ ti tú lójú rírán níbi méjì, mo dá a padà. Ìkejì, okùn ìdí rẹ̀ ò bá ara wọn dọ́gba. Ìkẹta, mo yí inú rẹ̀ síta. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tu ọkọ̀ wò mí.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ tún un rán?"

Àwọn èrò tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ télọ̀ tó rán an. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ dání ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, odó wọn la ó dì mọ́." Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà ń sọ létí omi.

Mo jókòó sí àárín gbùngbùn ọkọ̀, mo gbé odó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo de ìgbànú mọ́ ọwọ́ mi àti ọwọ́ Tinúkẹ́. Ẹ̀rọ ọkọ̀ bú. Bí ilẹ̀ ṣe ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo di ojú mi, mo dì mọ́ odó, mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo àdúrà tí mo kọ́ nílé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, láti èkíní. Ọkọ̀ ń fò, ó ń balẹ̀. Omi ń ta sí mi lójú. Mo fa ìgbànú wò. Ó le, ó dúró gbagidi.

"Tinúkẹ́, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà, Bàbá."

Ó jọ pé ohùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní atẹ́gùn ni. Mò ń bá àdúrà lọ. Lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan kan ké lórí omi, igbe tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí odó fi gbọ̀n mọ́ mi láyà. Mo rò pé ayé ti parí, mo tún fa ìgbànú. Ó dúró. Ọkàn mi balẹ̀ pé bí a bá tilẹ̀ ń lọ, èmi àti ọmọ mi ni à ń lọ. Mo wà báyìí títí ẹ̀rọ fi dákẹ́, tí ọkọ̀ sì kọlu nǹkan jẹ́jẹ́. Mo la ojú. Ògiri èbúté ló wà níwájú mi. Mo wo ọwọ́ mi, mo tẹ̀lé ìgbànú náà lọ díẹ̀díẹ̀. Etí odó ni orí kejì rẹ̀ wà. Bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé.

Ọmọ mi ń bọ̀ láti iwájú ọkọ̀, níbi tó ti jókòó ti obìnrin ẹlẹ́ja, ẹ̀wù rẹ̀ wà lára rẹ̀ pinpin, irun rẹ̀ tutù, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ rí ọkọ̀ ńlá yẹn? Ó fun fèrè fún wa. Ó ga ju ilé ìjọsìn wa lọ lọ́nà mẹ́ta. Ọkùnrin kan wà lókè pátápátá tó juwọ́ sí mi."

Mo fẹ́ bá a wí. Mo ti ṣètò ìbáwí náà lẹ́nu. Mo ní, "Èwo ni kí o so mí mọ́ odó?"

"Ẹ bá mi wò ó," obìnrin ẹlẹ́ja ní, "ẹni tó dijú sọdá ọ̀sà tó fẹ́ máa bá ẹni tó lajú wí."

Mo gbé odó lé èjìká, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bísí ò jìnnà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì ló ń tà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ sọ odó kalẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kò jẹ́ kí n lè ṣe é. Oníbàárà márùn-ún jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń mu mínírà. Orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sí. Odó márùn-ún, ìrókò ni gbogbo wọn, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Tinúkẹ́," Àǹtí Bísí ní. "Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn. Ó di mẹ́fà."

"Àǹtí Bísí, ṣé ẹ kì í gún iyán ni?"

"Iyán? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni mò ń gbé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo gún un, ará ìsàlẹ̀ rò pé ilé ń wó, wọ́n sá jáde pẹ̀lú ọmọ wọn."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Bàbá pé kó dẹ́kun. Ó ní òun sọ ọ́, lórí fóònù, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ, Bàbá á sì ní "Ó dáa," odó mìíràn á sì dé. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sún mọ́ mi.

"Ṣé wọ́n ní kí ẹ wo ojú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wò ó dáadáa." Ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sanra. Ẹ ṣáà fi kún un."

Ní àbọ̀, mo pinnu pé màá la ojú mi. Mo là á. Omi ló wà ní ọ̀tún, omi ló wà ní òsì, mo tún un dì. Mo gbọ́ tí ọwọ́ kékeré kan de ìgbànú mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, bọ́tìnnì mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bẹ̀rù, Bàbá. Mo dì yín mú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún mi bí ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò: èyí tó pupa nìyí, èyí tó ń já ẹrù nìyí, ẹyẹ funfun kan bà lé okùn rẹ̀. Bí mo ṣe wo ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gérégé, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ti ìsìn dé, mo gba Òkúkù lọ. Mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ láti ilé: ọ̀kadà, ọkọ̀, omi, odó márùn-ún. Bàbá ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"O rí i?"

"Mo rí wọn, Bàbá."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó sanra?"

"Wọ́n sanra díẹ̀."

"Ó rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ṣùgbọ́n odó yẹn..."

"Èlùbọ́ tí o gbà ní Inísà, ṣé o gbé e dé ilé ẹni tó ni ín?"

Mo ní rárá, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti gbà á.

"Kí ló wọ̀? Ṣé ara rẹ̀ le?"

N kò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Hẹ̀n-ẹ́n," Bàbá ní. "Ọdún kẹfà rèé tí ẹsẹ̀ mi ò ti gbé mi dé Èkó mọ́. Mo fi iṣu rán èèyàn sí i, wọ́n já a sí gáréèjì. Mo fi gàárì ránṣẹ́, wọ́n fi lé aládùúgbò lọ́wọ́. Fóònù ní tirẹ̀, ohùn ló ń gbé wá. Èèyàn lè máa sunkún lọ́hùn-ún kó máa dáhùn pé 'dáadáa ni, Bàbá.' Ṣùgbọ́n odó, ta ló jẹ́ já odó sí ẹ̀gbẹ́ títì? Ẹni tó bá gbé odó á gbé e délé. Ẹni mẹ́fà ló ti bá mi wo ojú ọmọ mi."

Gbogbo ohun tí mo tò lẹ́sẹẹsẹ tú mọ́ mi lẹ́nu. Èmi tí mo rán ìgbànú ínǹṣì mẹ́rìndínlógójì, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí tirẹ̀ gùn láti Òkúkù dé Àpápá?

Ọdún méje ti kọjá. Tinúkẹ́ wà l'Ékòó báyìí, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ èbúté, kò tún wá ibòmíràn lọ. Mo máa ń pè é ní aago méje alẹ́ lójoojúmọ́. "Dáadáa ni, Bàbá," ló máa ń sọ. Lójoojúmọ́, dáadáa ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ kan lọ wo ìlú, ẹ gba àdúrà lọ́wọ́ àgbà lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ti di àgbà, ẹ tètè wá agbẹ́gi tó mọ odó gbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Múfú wá wọn ṣòkòtò, ó sì fẹnu kọ pé òun ń lọ sí Èkó ní Sátidé. Ó rí i tí mo dìde, tí mò ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá Télọ̀," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ẹrù kékeré kan ni.